Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: a fẹ́ fi headset AR kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ilé-Ifẹ̀ lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ gan-an

TíṣàÌtàn

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ilé-ìwé girama ìjọba kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìtàn. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tó wà lókè òkun ti dá owó jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa ra headset AR, ìyẹn jígí ńlá tí èèyàn ń dé sójú, tí yóò máa rí ibi tó wà gan-an, tí ẹ̀rọ yóò sì máa fi àwòrán ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ kún un. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé ká kó àwọn ọmọ SS1 àti SS2 lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n dúró níwájú Ọ̀pá Ọ̀rányàn, kí wọ́n wo ilẹ̀ àpáàdì, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́, kí wọ́n sì rí bí ìlú náà ṣe rí nígbà tí àwọn tó rọ àwọn orí idẹ wọ̀nyẹn ṣì wà láyé.

Pirinsípà ti fọwọ́ sí i. Kí owó tó jáde ni mo ṣe wá síbí. Irú wo ni ká rà? Ta ni yóò ṣe àwòrán inú rẹ̀ fún wa? Èyí tó sì jẹ mí lógún jù: tí ọmọ bá bọ́ jígí náà kúrò lójú, ṣé yóò mọ ìtàn ju bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹnjiníà_Yábà

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iṣẹ́ AR ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí oòrùn, nítorí oòrùn ni wọn kì í fi hàn nínú fídíò ìpolówó.

Oríṣi headset méjì ló wà. Oríṣi kan ní dígí tí ojú ń gbà kọjá tààrà, ẹ̀rọ á wá máa tan iná sórí dígí náà kó lè di àwòrán. HoloLens ti Microsoft àti Magic Leap 1 wà nínú ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi kún ohun tí ẹ ń wò, wọn ò lè yọ ìmọ́lẹ̀ kúrò, nítorí náà àwọ̀ dúdú kì í hàn nínú wọn. Bí oòrùn ọ̀sán bá ràn, àwòrán á ṣá débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Oríṣi kejì bo ojú pátápátá. Kámẹ́rà iwájú rẹ̀ ló ń wo ìta, skírìn inú ló ń gbé e wá fún ojú. Meta Quest 3 tó jáde ní 2023 àti Apple Vision Pro tó jáde ní 2024 ló wà níbẹ̀. Àwòrán tiwọn kì í ṣá, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá gba ẹnu lẹ́ǹsì wọlé, ó máa jó skírìn inú, kò sì ní àtúnṣe. Kí ọmọ kan bọ́ ọ kúrò lórí, kó gbé e sílẹ̀ kí lẹ́ǹsì dojú kọ òkè, ó ti parí nìyẹn. Ooru tún wà níbẹ̀: Apple fúnra wọn sọ pé Vision Pro kò yẹ fún ibi tó bá gbóná ju 30°C lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí Ifẹ̀ ṣe ń rí lóṣù Feburari àti Maaṣi.

Nítorí náà: àárọ̀ kùtùkùtù, tàbí abẹ́ òrùlé. Kò sí ẹ̀kẹta.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta HoloLens 2 fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2024, àtúnṣe sọ́fítíwià rẹ̀ á sì dópin ní ìparí 2027. Ẹ̀rọ tí yóò kú kí àwọn ọmọ SS1 yín tó kúrò nílé-ìwé kò yẹ ká fi owó ẹgbẹ́ rà.

Afinimọ̀nà_Ifẹ̀

Tíṣà wa, ẹ káàbọ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, iṣẹ́ mímú àlejò káàkiri ni mò ń ṣe, mo sì ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé rìn. Ohun tí mo máa ń rí ni pé àwọn ọmọ máa ń kọjá lórí ohun tó ṣe pàtàkì jù láì wò ó, nítorí pé ó wà nílẹ̀.

Ẹ ronú lórí ilẹ̀ àpáàdì yẹn. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti ṣì hàn, ẹ máa rí i pé wọn ò tẹ́ àpáàdì náà pẹrẹsẹ. Ńṣe ni wọ́n tò ó lóòró, etí kọ̀ọ̀kan ló kọjú sókè, ìlà kan dà sápá ọ̀tún, ìkejì dà sápá òsì, tó fi rí bí egungun ẹja. Láàárín ìlà àpáàdì, wọ́n tún fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ya ìlà sí i láwọn ibi kan. Ní ibòmíràn, wọ́n rì ọrùn ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ náà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn kò kánjú. Ọmọ tó bá fi ìka tọ ìlà yẹn láìfọwọ́ kàn án, tó kà á, tó béèrè pé ìkòkò mélòó ni wọ́n máa fọ́ kí wọ́n tó rí àpáàdì tó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn ti wọ inú ìtàn kó tó gbé nǹkan kan sójú.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí: ẹ jẹ́ kí ojú lásán ṣáájú. Ẹ fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n kọ ìbéèrè kan tí wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ yẹn dáhùn. Lẹ́yìn náà ni jígí á wá dáhùn, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n tún wo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ibi ìwò kejì yẹn ni ẹ̀kọ́ wà.

Àwa ní Ifẹ̀ máa ń sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, tó jẹ́ obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ ìlú. Àwọn awalẹ̀pìtàn ń fi ọdún díwọ̀n tiwọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ọ̀kan pa èkejì lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda pàtàkì gan-an. Ibi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti wà ilẹ̀ àti mùsíọ́ọ̀mù, ọwọ́ National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ló wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí oṣù ìrìnàjò tó dé. Ti Ọ̀pá Ọ̀rányàn àti àwọn igbó, ẹ lọ kí ààfin, ẹ sì bá àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bọ níbẹ̀ títí dòní. Ẹ má gbé kámẹ́rà wọ ibi tí wọn ò ní kẹ́ ẹ gbé e wọ̀, ẹ sì rántí pé headset pàápàá, kámẹ́rà ló wà níwájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìOjú

Mo fẹ́ fi kékeré kún un. Meta ní kí ọmọ ọdún 10 sí 12 má lo Quest àfi tí òbí bá ṣí àkáǹtì fún un tó sì ń mójú tó o. Apple ní tiwọn kò wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 13. SS1 àti SS2 wà lókè ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí síbẹ̀. Ẹ béèrè nínú ìwé náà bóyá ọmọ ní wárápá, bóyá ó ń lo jígí ojú, bóyá èèbì máa ń gbé e nínú ọkọ̀. Ọmọ tí èèbì ń gbé nínú ọkọ̀, kó jókòó lò ó.

Quest 3 wúwo ju ìdajì kílò lọ díẹ̀. Ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ kì í bá irun dídì gíga mu, hijab náà máa ń mú un yọ̀ dànù. Ẹ sọ fún àwọn ọmọbìnrin ṣáájú ọjọ́ náà kí wọ́n di irun tó lẹ̀ mọ́ orí, kí ẹni tó ń lo hijab sì wọ èyí tó fún mọ́ orí dáadáa. Ìbòjú rọ́bà tó ṣe é nù dára ju fóòmù lọ, nítorí òógùn. Ẹ nù ún láàárín ọmọ kan sí èkejì. Àpolò kò dá èèyàn mọ̀.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa dúró ti ẹni tó bá dé e. Ẹnì kan fún ẹnì kan. Etí kòtò, àkàsọ̀, orí àpáta: kí ẹnikẹ́ni má dé headset níbẹ̀ rárá.

Ìyá_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, tíṣà. London ni mò ń gbé. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà ní British Museum níbí láti 1939, mo máa ń mú àwọn ọmọ mi lọ wò ó. Ọdún 1938 ni àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí náà. Bí mo ti ń wo èyí tó wà nínú gíláàsì níbí, ohun tó máa ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ mi mọ ojú rẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tó ti jáde.

Nítorí náà, tí ẹ bá máa ṣe ohun kan ṣoṣo pẹ̀lú headset yìí, ẹ dá orí yẹn padà sí Wúnmọníjẹ̀. Kí ọmọ dúró sí àdúgbò yẹn, kó gbójú sókè, kó rí i níwájú rẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an, kó yí i po, kó wo ìlà wẹ́wẹ́ tó bò ó lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kí ẹ sì sọ fún un ní gbangba pé àwòrán ni, pé ojúlówó rẹ̀ ṣì wà ní London. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán tẹ́ àwọn ọmọ lọ́rùn débi tí wọn ò fi ní béèrè ojúlówó mọ́.

Nǹkan míì: mo lọ sí Róòmù pẹ̀lú ìjọ wa, a sì wọ Ara Pacis, pẹpẹ mábù tí wọ́n kọ́ láyé Augustus, olú-ọba Róòmù. Ní 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àlejò ní headset níbẹ̀. Mábù funfun ni gbogbo pẹpẹ náà lójú lásán. Tí ẹ bá dé e, àwọ̀ á dé sára àwọn ère: pupa, búlúù, ewé tútù. Mo wo ẹsẹ̀ ọmọdé kan lára ògiri náà, mo bọ́ ẹ̀rọ, mo wò ó, mo tún dé e. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé wọ́n ṣe é nínú ilé, lálẹ́, nígbà tí wọ́n ti dín iná kù. Wọn ò sì gba ọmọ tí kò tó 13. Ẹ lè fi mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ ṣe ibùdó bẹ́ẹ̀, òrùlé wà níbẹ̀.

TíṣàÌtàn

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. @Afinimọ̀nà_Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ bébà àti pẹ́ńsù yẹn wọ̀ mí lọ́kàn, a ó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mi báyìí: tí a bá fẹ́ kí ọmọ rí ìlú Ifẹ̀ àtijọ́, báwo la ṣe máa mọ bó ṣe rí? Àwọn kan ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi tí wọ́n fi ààfin alájà mẹ́ta sí, pẹ̀lú òpó wúrà. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti rí i?

Awalẹ̀pìtàn

Wọn ò rí i níbì kankan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara balẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni ọ̀kan pàtàkì nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ojú ọmọ bá rí nínú headset, ó máa gbà á gbọ́ ju ohun tó kà nínú ìwé lọ. Tí a bá fi òpó wúrà hàn án lẹ́ẹ̀kan, a ò ní lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní London Charter, wọ́n tún un ṣe ní 2009. Ó ní kí ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà ya ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sọ ní kedere ohun tó dá a lójú àti ohun tó kàn rò. Ẹ lè ṣe é lọ́nà tó rọrùn: ohun tí wọ́n wà jáde nílẹ̀, ẹ ya á kó kún dáadáa. Ohun tí a fi ọgbọ́n rò, ẹ ya á kó máa hàn fírífírí, kí ojú máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.

Kí ló dá wa lójú nípa Ifẹ̀? Ó pọ̀. Frank Willett wà ilẹ̀ ní Ìta Yemòó lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ kan àwọn ère idẹ níbẹ̀ ní 1957. Ekpo Eyo wà ilẹ̀ ní Láfógído, Peter Garlake wà ní ilẹ̀ Ọbalárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní Igbó Olókun, iṣẹ́ Abidemi Babalola fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ gíláàsì láti inú ohun èlò ilẹ̀ yìí, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń tún gíláàsì àjèjì yọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ni wọ́n rí níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ nínú. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó dé headset, tó rí iná ìléru, tó rí ọwọ́ tó ń fa gíláàsì búlúù jáde di ìlẹ̀kẹ̀, tó sì bọ́ ẹ̀rọ tó rí àfọ́kù ìkòkò yẹn gan-an níwájú rẹ̀. Sẹ̀gi tí ìyá rẹ̀ àgbà ń sọ kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán fún un mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti lo headset yìí jù ni ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn. Lára àwọn orí idẹ Wúnmọníjẹ̀, àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà ní ìlà irun, òmíràn ní ihò yí ẹnu àti àgbọ̀n ká. Kí ni ihò yẹn wà fún? Àwọn kan ní irun àti irùngbọ̀n ni wọ́n fi sí i. Àwọn kan ní adé ni wọ́n so mọ́ òkè, wọ́n sì so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ihò ìsàlẹ̀ kó bo ẹnu ọba, gẹ́gẹ́ bí adé oní-ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń bo ojú ọba títí dòní. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi gbogbo rẹ̀ hàn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, lórí orí kan náà. Kí ọmọ tẹ bọ́tìnnì, kí irùngbọ̀n jáde. Kó tún tẹ̀, kí ìlẹ̀kẹ̀ rọ̀ bo ẹnu. Ẹ wá bi í pé: èwo lo gbà, kí sì ni ẹ̀rí rẹ? Àwọn ọmọ SS2 á jà síi, ìjà náà gan-an sì ni iṣẹ́ òpìtàn. Ìwé kò lè ṣe èyí bẹ́ẹ̀, òun sì ni ìdí tí mo fi ń ti ètò yìí lẹ́yìn.

Bàbá_ÒkèÈrì

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ tèmi. Èmi ò lòdì sí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí ẹsẹ̀ kò lè ṣe. Níbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Eredò Súngbọ́, yàrà ńlá àtijọ́ yẹn, yí ilẹ̀ po tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Láwọn ibi kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà títí dé orí òkìtì tó 20 mítà. Mo mú àwọn ọmọ ọmọ mi wọ inú rẹ̀. Ògiri amọ̀ pupa náà ga, ó tutù, ìtàkùn bo ara rẹ̀, ohùn wa ń padà wá bá wa. Ọmọkùnrin kékeré fọwọ́ kan ògiri, ó ní, "Bàbá, ta ló gbẹ́ ẹ?" Ìbéèrè tí mo fẹ́ kó béèrè gan-an nìyẹn. Kò sí jígí lójú rẹ̀.

Owó yẹn, ẹ fi gba bọ́ọ̀sì. Ọmọ mélòó nílé-ìwé yín ni kò tíì dé Ifẹ̀ rí, tí Ifẹ̀ kò sì jìnnà sí wọn?

TíṣàÌtàn

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ pẹ́ fún wa. Òdodo lẹ sọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ti gbà láti fi owó bọ́ọ̀sì kún un, nítorí ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Headset ò ní jáde kúrò nínú àpótí tí bọ́ọ̀sì ò bá sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fèsì kékeré, pẹ̀lú ìtẹríba. Eredò ṣì dúró, sà. Ojú rí i. Ní Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ kí ọmọ rí ti wà lábẹ́ ilé àti títì, tàbí nínú àpótí gíláàsì níbòmíràn. Ibi tí kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ mọ́ ni mo fẹ́ lò ó fún.

Bàbá_ÒkèÈrì

Ìyẹn bójú mu. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ fún Ifẹ̀. Ẹ má kàn gbé e wá sínú Eredò.

Ẹnjiníà_Yábà

Bàbá, ẹ̀rọ pàápàá ò ní fẹ́ débẹ̀, sà. Kámẹ́rà headset ń wo àyíká láti mọ ibi tí orí wà, ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì máa ń da ojú rú fún un, GPS sì máa ń fi ọ̀pọ̀ mítà ṣì lábẹ́ igi. Kódà ní pápá gbalasa tí gbogbo rẹ̀ jọra, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Tíṣà, ẹ tẹ àmì onígun mẹ́rin sórí pákó, ẹ rì í mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ yẹn, kí ẹ̀rọ máa wò ó láti mọ ibi tó wà. Ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Nípa rírà: ẹ má ra ogójì. Ẹ ra díẹ̀, kí ẹ ra tábúlẹ́ẹ̀tì Android mọ́ ọn. Ní ilé ńlá Chambord ní ilẹ̀ Faransé, tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fún àlejò láti 2015. Wọ́n á gbé e sókè nínú yàrá, yàrá náà á sì hàn bó ṣe rí láyé àwọn ọba. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ mẹ́ta lè jọ wo ọ̀kan, wọ́n á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó dé headset ń dá wà. Ní ti ìyẹn, ẹ pín wọn ní méjì-méjì: ọ̀kan dé e, ó ń ròyìn ohun tó ń rí, èkejì ń kọ ọ́, ó sì ń bi í ní ìbéèrè. Kí wọ́n wá pààrọ̀.

Bátìrì Quest kì í kọjá wákàtí méjì púpọ̀. Ẹ gba agbára sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí iná NEPA má bàa já yín kulẹ̀, ẹ sì mú páwà báǹkì dání. Gbogbo àwòrán àti ohùn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ̀kì rárá. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nínú kíláàsì yín kí ọjọ́ tó pé, débi tí àwọn ọmọ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń dé e, kí wọ́n má fi àkókò Ifẹ̀ kọ́ bọ́tìnnì.

Ti àwòrán: Blender, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀ níbẹ̀ lè fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn, kí awalẹ̀pìtàn jókòó tì wọ́n. Láti fi fọ́tò ṣe àwòrán òkúta tàbí ère, ẹ yà á yí po, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀, lọ́jọ́ tí kùrukùru bo oòrùn kí òjìji má bàa wọ inú rẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú glTF, irú fáìlì àwòrán 3D tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè ṣí, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó bá ń kọ áàpù kó tẹ̀lé OpenXR, ìlànà tó ń jẹ́ kí áàpù ṣiṣẹ́ lórí headset oríṣiríṣi. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá di ògbólógbòó, ẹ ó lè gbé iṣẹ́ yín lọ sórí òmíràn.

Ọmọ_Àgbádárìgì

Mo rí i pé Ifẹ̀ lẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé lẹ́yìn Ifẹ̀, ẹ máa fẹ́ mú wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, níbí, ẹ fara balẹ̀.

Ẹnì kan ti wá bá wa rí pẹ̀lú ètò kan: kí ọmọ dé headset ní Baracoon ti Sẹ̀rìkí Abass, ilé tí wọ́n ń ti àwọn ẹrú mọ́ kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀ òkun, kó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó gbọ́ igbe. Àwọn àgbà àdúgbò kọ̀ jálẹ̀, èmi náà sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó wọnú yàrá yẹn, tó rí bó ṣe há, tó rí fèrèsé kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi igbe kún un. Ó lè ba ọmọ nínú jẹ́ lọ́nà tí tíṣà kò ní lè tún ṣe nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ míì á sì máa rẹ́rìn-ín nítorí pé ó jọ géèmù lójú rẹ̀, èyí tó burú jù.

Ohun tó wúlò níbí ni máàpù. Tí wọ́n bá kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀, tí wọ́n rin iyanrìn náà dé etí òkun, kí wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè kí wọ́n rí ibi tí àwọn ọkọ̀ ń lọ: Bahia ní Brazil, Cuba, Saint-Domingue tó di Haiti lónìí. Kí wọ́n gbọ́ orin Yorùbá tí wọ́n ṣì ń kọ ní Salvador, olú-ìlú Bahia, lónìí. Kí wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn náà dé ibì kan, wọ́n bímọ, wọn ò gbàgbé. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi kún un.

TíṣàÌtàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́, a ò ní ṣe é.

Ó ku ohun kan. Mo fẹ́ kí ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ jẹ́ ti àgbà Ifẹ̀, kó sọ ọ́ ní èdè Ifẹ̀ gan-an, kó ki oríkì ìlú. @Afinimọ̀nà_Ifẹ̀, báwo la ṣe ń ṣe é?

Afinimọ̀nà_Ifẹ̀

Ẹ lọ bá wọn fúnra yín, ẹ má rán ọmọ. Ẹ mú obì dání. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ohùn náà ṣe, àti pé yóò wà nínú ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ tí wọn ò mọ̀ á máa gbọ́ ọ. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ má gba apá kan sílẹ̀. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ san owó fún wọn, kí ẹ kọ iye náà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ti ẹ̀rọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ibi tí àwọn ọmọ á ti rí i, tí wọ́n bá fẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé headset náà padà lọ bá wọn, kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ, ẹ yọ ọ́.

Kẹ́ ẹ sì tó dá ọjọ́, ẹ pe mí. Tó bá bọ́ sí àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́, èrò á kún ìlú, àwọn ibì kan kò ní ṣe é wọ̀. Oṣù Kọkànlá dára: òjò ti ń dáwọ́ dúró, ilẹ̀ àpáàdì kò yọ̀, oòrùn àárọ̀ kò sì tíì le.